Ọkọ̀ Òfurufú Tí Gbémiga Fi Ṣe Ọ̀wẹ̀ Àna

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Olúwagbémiga jẹ́, ẹ dúró tì í nígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá ń kọjá lórí Kàbà. Àwa yòókù á gbójú sókè, a ó wò ó, a ó sì padà sídìí iṣẹ́ wa. Gbémiga kò ní wo òkè. Yóò di ojú, yóò tẹ́ etí sílẹ̀, yóò mi orí bíi dókítà tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ burúkú fún ẹbí aláìsàn, yóò wá ní, "Bóòtù kan ti tú lápá òsì yẹn. Mo ti sọ fún wọn."

Àwọn wo ló sọ fún? A kì í bi í. Ẹni tó bá bi Gbémiga ní ìbéèrè kan, kó yáa wá àpótí jókòó.

Ó ń ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú l'Ábùjá, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń nu ilẹ̀ gbọ̀ngàn tí àwọn èrò ń jókòó sí, ó sì ń nu gíláàsì fèrèsé rẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ gidi ni. Èmi kò ní kẹ́gàn ẹni tó ń fi òógùn ojú rẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹnu Gbémiga tóbi ju iṣẹ́ náà lọ. Láti ìdí gíláàsì tó ń nù ló ti ń wo ọkọ̀ òfurufú, nígbà tó bá sì máa fi dé Kàbà, wíwò ti di títúnṣe. Ó ní ká máa pe òun ní Ẹnjinníà. A sì ń pè é bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀fẹ́ ni.

Èmi ni Ìyá Patience. Ilé mi àti ilé Bàbá Andrew fẹ̀yìn tira, okùn kan náà la jọ ń sá aṣọ sí. Ẹnikẹ́ni kò ròyìn ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún mi. Mo wà níbẹ̀, mo sì dá sí i.

Bàbá Andrew ní ọmọbìnrin kan, Ọmọ́ṣọlá, tó jẹ́ tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké. Ọmọ́ṣọlá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lè jẹ́ ìdí nìyẹn tí Gbémiga fi yàn án, torí pé nínú ilé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbọ́ tí ẹnì kejì bá ń wí. Ohun tó mú kí Ọmọ́ṣọlá náà yan Gbémiga ni kò yé wa. Ó dára lọ́kùnrin o, eyín rẹ̀ funfun, ó sì máa ń pa ọmọ náà lẹ́rìn-ín. A gbà pé bóyá ìyẹn tó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ni Bàbá Andrew ń wá. Nílẹ̀ tiwa níbí, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni yóò ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọn yóò wá kọ ebè iṣu fún bàbá ìyàwó láti ìdájí títí oòrùn yóò fi rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí máa ń fi nǹkan mìíràn dí i, àwọn bàbá mìíràn sì máa ń gbà. Bàbá Andrew kì í gbà. Ó ní òun kọ ebè fún bàbá Ìyá Andrew ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ títí èékánná òun fi ṣí, òun kò sì rí ìdí tí ẹlòmíràn yóò fi gbé ọmọ òun lọ pẹ̀lú èékánná rẹ̀ pípé.

Bí Gbémiga ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nìyẹn, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, tó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé.

"Okun o, Bàbá," ó kí i bí a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ tiwa.

"Okun, ọmọ mi. Dìde. Ìgbà wo ni ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń bọ̀ lóko?"

Gbémiga dìde. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn, bí ẹni tó ń tajà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ yìí dáadáa. Ọwọ́ tó ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe ni. Bí ó bá di ọkọ́ mú lẹ́ẹ̀kan péré, ó bàjẹ́ nìyẹn. Kò ní mọ bóòtù tó le yàtọ̀ sí èyí tó dẹ̀ mọ́. Ẹ̀mí àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀, Bàbá. Tí ẹ bá ní kí n wá kọ ebè, màá kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ òfurufú bá já lulẹ̀ lọ́la, kí ẹ má bi mí o."

Èmi ń fọ abọ́ lẹ́yìn ògiri, mo sì dá omi dúró kí n lè gbọ́ ohun tí Bàbá máa sọ. Mo ti mọ̀ pé ó máa lé e dànù. Ṣùgbọ́n Bàbá Andrew kì í lé èèyàn. Ó jẹ obì tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán, ó wọlé lọ, ó sì gbé páálí kan jáde láti orí kọ́bọ́ọ̀dù.

"John, ọmọ àbúrò mi tó wà nílùú òyìnbó, ló fi èyí sáàárín aṣọ tó kó ránṣẹ́ sí wa nígbà Kérésìmesì," ó ní. "Ó ní ọkọ̀ òfurufú ni, pé ẹni tó bá gbà á ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Láti ìgbà náà ló ti wà lókè, torí pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tò nílé yìí. Ó dára. Iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Bá mi tò ó. Bí ó bá ti dúró lórí tábìlì mi, mo gbà á bí ọ̀wẹ̀, mo sì fún ọ lọ́mọ. Bí kò bá dúró, ebè wà lóko."

Gbémiga wo páálí náà. Wọ́n ya ọkọ̀ òfurufú kékeré kan sí i lára, tó ń fò láàárín ìkùukùu, awakọ̀ rẹ̀ sì fojú le koko nínú gíláàsì. Mo rí bí èjìká Gbémiga ṣe rọ̀ wálẹ̀. Ó rò pé ohun tó wà lára páálí ló wà nínú páálí, pé ká kàn fa nǹkan náà jáde, ká nù ún, ká gbé e kalẹ̀ ni.

"Èyí nìkan, Bàbá? Èmi tí mo ń tún èyí tí odindi abúlé ń wọ̀ ṣe? Omi tí Ìyá gbé kaná yẹn kò ní hó kí n tó parí ẹ̀."

Ó ṣí páálí.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ òfurufú. Ike ni, ike aláwọ̀ eérú, tí wọ́n ṣe bíi férémù fèrèsé, ọ̀kan lórí èkejì. Lára igi férémù kọ̀ọ̀kan ni àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ rọ̀ mọ́ lọ́tùn-ún lósì, bí ẹ̀pà ṣe máa ń rọ̀ mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á tu. Ìdajì ìyẹ́ wà níbí, ìdajì ìrù wà lọ́hùn-ún. Awakọ̀ tó fojú le lára páálí ti di ẹ̀là méjì, iwájú rẹ̀ wà lára férémù kan, ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára òmíràn. Ìwé kan tún wà níbẹ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan àfi àwòrán àti nọ́ńbà, àti bébà kan tó kún fún àmì aláràbarà tó ń dán.

Gbémiga gbé férémù kan, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e sétí, ó mì ín. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó fi ojú kan wò ó láti inú ihò rẹ̀. Mo rí gbogbo rẹ̀, torí pé nígbà náà mo ti kúrò lẹ́yìn ògiri, mo ti wà nínú àgbàlá wọn.

"Wọn ò tíì parí ẹ̀ nílé iṣẹ́," ó ní.

"Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó wá ẹnjinníà," ni Bàbá dá a lóhùn.

Ìyá Andrew na ọrùn. "Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dà?"

"Ẹ́ńjìnnì ló máa ń dé kẹ́yìn, Ìyá. Wọn kì í kó o pọ̀ mọ́ ara, kó má baà gbaná lójú ọ̀nà."

Ọmọ́ṣọlá ti jáde wá nígbà náà, ó ká ọwọ́ kọ́ àyà. Ó fi ìka kan nọ́ńbà ńlá tó wà nígun páálí, mẹ́jọ pẹ̀lú àmì àròpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Bọ̀dá Gbémiga, kí ni èyí ń sọ?"

Ojú Gbémiga mọ́lẹ̀. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ rí, ìgbàkígbà tí irọ́ bá bọ́ sí i lẹ́nu ní tútù.

"Ìyẹn ni ìṣòro gan-an," ó ní. "Iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ tò ó nìyẹn. Mẹ́jọ, ó kéré tán. Òfin ọkọ̀ òfurufú ni. Èmi nìkan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi."

Ọmọ́ṣọlá wo páálí, ó wo Gbémiga, ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Ọjọ́ kejì ló tó sọ fún mi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè ni wọ́n ń wí, pé àwọn ọmọ kíláàsì òun lè tò ó. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tó máa já sí ni.

Bàbá Andrew ní kò burú, ká pe àwọn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n Bàbá jẹ́ ẹni tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rí rúdurùdu. Ó ní, "Ọ̀wẹ̀ lo ń pè wọ́n sí ni, àbí àáró? Mo bi ọ́ torí pé ẹni tó bá pe ọ̀wẹ̀ ló ń gún iyán fún àwọn tó wá."

Gbémiga wo ẹnu ọ̀nà. Adédùntán ló ń wọlé bọ̀, ẹni tí oko iṣu rẹ̀ tóbi jù ládùúgbò wa, tí ikùn rẹ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ kéré sí oko náà.

"Àáró ni, Bàbá," ó sáré dáhùn. "Àáró ni mo pè wọ́n sí. Iyán kọ́."

"Àáró," ni Bàbá tún un sọ, ohùn rẹ̀ lọ sókè díẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Ẹ gbọ́ o. Àáró ni Ẹnjinníà pè."

A jókòó yí ká. Tiwalọlá tó ń gbin gbágùúdá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn aya àbúrò Bàbá dé láti ẹ̀yìnkùlé, èmi náà so ìró mi le. Ìyá Andrew gbé atẹ sáàárín. Gbémiga kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí wa bíi sájẹ́ńtì.

"Ẹ já wọn," ó ní.

Adédùntán gbójú sókè. "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń já ọkọ̀ òfurufú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí iṣẹ́ kan bá wà tí àwa mọ̀, jíjá ẹ̀pà ni. A bọ́ sídìí ẹ̀. Ẹ̀là ike ń bọ́ sínú atẹ, ọ̀rọ̀ ń lọ, ẹ̀rín ń lọ. Tiwalọlá ń sọ ti àna rẹ̀ kan ní Pọ̀nyàn tó fẹ́ ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, èmi ń fi kún un níbi tí kò ti mọ̀ ọ́n sọ. Kò pẹ́ rárá tí férémù fi di igi gbígbẹ, tí atẹ sì kún fún ìyẹ́, táyà, ìrù àti àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín tí orúkọ wọn kò yé ẹnì kankan. Gbémiga wo atẹ náà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an l'Ábùjá nìyẹn.

Nígbà náà ni Ìyá Andrew gbé atẹ, ó sì fẹ́ ẹ.

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Obìnrin tó ti ń fẹ́ ẹ̀pà láti kékeré, tó bá rí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já nínú atẹ, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró gba àṣẹ. Ó ju atẹ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú lẹ́ẹ̀kejì, afẹ́fẹ́ sì gbé gbogbo nǹkan wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́ kúrò lórí rẹ̀. Àwọn adìyẹ sáré dé. Àkùkọ Bàbá gbé ẹ̀yìn awakọ̀ mì lójú gbogbo wa. Adédùntán lé e dé ìdí igi kajú, ó sì padà wá lọ́wọ́ òfo, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àwọn èyí tó lọ yẹn, èépo ni," ni Gbémiga wí. Òógùn ti ń yọ lórí imú rẹ̀. "Ara ọkọ̀ gangan ló kù nínú atẹ."

Ó jókòó ti tábìlì, ó ṣí ìwé alá­wòrán. Ó wò ó títí. Ìwé náà ní kí a mú nọ́ńbà kẹrìnlá, kí a fi kan ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ó mú ẹ̀là ike kan, ó yí i po. Kò sí nọ́ńbà lára rẹ̀. Ó mú òmíràn. Kò sí.

"Nọ́ńbà wọn dà?"

"Èyí tó wà lára igi wọn?" ni Tiwalọlá bi í. "Mo rí i. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà nídìí kọ̀ọ̀kan kí n tó já a."

"Igi wọn dà?"

Gbogbo wa yíjú sí ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín dúdú ń tú jáde lójú fèrèsé. Ẹ mọ̀ pé ike kì í ṣòfò nílé wa, pàápàá nígbà òjò tí igi bá tutù. Ìyá Andrew ti kó gbogbo férémù, ó ti fi dáná ẹ̀wà.

"Ó mú iná ràn kíákíá," ni Ìyá wí. Ìyìn ló fi ṣe.

Ká ní èmi ni, ibẹ̀ ni mo ti máa kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti parọ́ dé ìdajì odò, ọ̀nà àtilọ àti àtibọ̀ dọ́gba fún un. Gbémiga pa ìwé dé, ó sì fi jókòó lé.

"Ẹnjinníà tó mọṣẹ́ kì í wo nọ́ńbà," ó ní. "Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ṣe nọ́ńbà fún. Ṣọlá, bá mi ra súpà gúlù níkòríta."

Ọmọ́ṣọlá lọ, ó bọ̀. Gbémiga bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀. Ó ń mú ohun tó bá wù ú, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó bá gbà á. Ó fẹ́ ki awakọ̀ bọ inú ilé rẹ̀, kò wọlé, torí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti ẹnjinníà kò sì wọ ihò awakọ̀. Bó ṣe ń tì í, gúlù sẹ̀, ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìyẹ́. Ó fà á, kò tú. Bàbá Andrew ń bi í ní nǹkan kan, ó sì gbé ọwọ́ sókè láti fi yé e, gbogbo ọkọ̀ sì bá ìka náà lọ sókè.

"Ó ti fò," ni Adédùntán wí, ó sì dojú bolẹ̀ kí Bàbá má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Gbémiga ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán ìwúwo rẹ̀ wò nìyẹn. Bí ìka rẹ̀ ṣe wà lára ìyẹ́, ó fi ọwọ́ kejì mú bébà aláràbarà. Ó ní èyí ni wọ́n fi ń mọ ìlú tí ọkọ̀ ti wá, pé bí sítáǹbù ni wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Ó yọ ahọ́n, ó lá a dáadáa, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò. Kò sí àmì lára ọkọ̀. Ó tún un lá. Ọmọ́ṣọlá súnmọ́ ọn, ó wo ẹnu rẹ̀.

"Bọ̀dá, ètè yín ni ó lẹ̀ mọ́."

Òótọ́ ni. Àmì roboto kan, búlúù àti pupa, ti jókòó sórí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sì sọ lẹ́yìn náà, àmì náà ń bá a sọ ọ́. Tiwalọlá ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀wà tó wà lórí iná. Ẹ̀wà náà kì í ṣe tirẹ̀. A gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ilé ìdáná.

A fi kẹrosíìnì tú ìka náà nígbẹ̀yìn. Awọ díẹ̀ kù sára ìyẹ́. Gbémiga gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì bọ́ sẹ́yìn. Bàbá Andrew fi gíláàsì sójú, ó rìn yí tábìlì ká láìyára. Ìyẹ́ kan gùn, èkejì jẹ́ ìrù. Táyà wà lórí, ó kọjú sí ọ̀run. Awakọ̀, tí kò ní ẹ̀yìn mọ́, jókòó síta nítòsí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹni tó wà níta yìí ńkọ́?" ni Bàbá bi í.

"Kọ́ńdọ́kítọ̀ ni, Bàbá."

"Táyà tó wà lókè?"

"Tí ó bá dojú dé, kó lè máa yí lọ."

Bàbá mi orí. Ó fi ìka kan tì í díẹ̀. Ó gbọ̀n, ó mì, ó dúró. Gbogbo wa ń retí ìgbà tí orúkọ oko máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Àní èmi fúnra mi, àánú Ọmọ́ṣọlá ṣe mí lọ́jọ́ náà, torí pé ó ti tú ọwọ́ tó ká kọ́ àyà, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú gírígírí.

"Ó dúró," ni Bàbá wí. "Mo ní bí ó bá ti dúró lórí tábìlì mi. N kò ní kó fò. Mo gbà á bí ọ̀wẹ̀."

Gbémiga dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti gbogbo rẹ̀. Ó dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi ń wọ́. Nígbà tó dìde, ẹnu rẹ̀ ti padà sípò, ó ti ń wí fún Ìyá Andrew pé èyí tí òun ṣe yìí, òyìnbó gan-an máa wá wò ó.

Adédùntán dìde, ó gbọn eruku kúrò ní ìdí ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹnjinníà, ọjọ́ Mọ́ńdè ni tèmi o. Kí o tètè dé, ọ̀nà jìn."

"Ti kí ni?"

"Ti àáró. Mo já tìrẹ lónìí, wàá bá mi kọ ebè lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Gbémiga rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, tí ọkọ̀ òfurufú tiyín bá bàjẹ́, ẹ pè mí, màá wá."

"N kò ní ọkọ̀ òfurufú. Iṣu ni mo ní."

Tiwalọlá yọjú láti ilé ìdáná, ó ní gbágùúdá tòun ti kún fún koríko, ọjọ́ Túsìdeè dára fún òun. Àwọn aya àbúrò Bàbá gba ọjọ́ tiwọn. Èmi náà ò kúkú fi ẹnu sílẹ̀. Mo ní ilẹ̀ ẹ̀wà kan tó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ yìí, kò sì sí ìgbà tí ẹnjinníà máa tún bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìyá Andrew, tó fi ohun èlò Gbémiga dáná, ní òun náà jókòó já a, ọ̀rọ̀ àna kọ́ lòun ń sọ, ọ̀rọ̀ àáró ni.

Gbémiga yíjú sí Bàbá. Ojú rẹ̀ ti kéré. "Bàbá, ẹ ti ní ó parí."

"Tèmi ti parí. N kò ní bi ọ́ ní ebè kan ṣoṣo mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ pe àáró, iyán lo ń sá fún. Ẹni tó jẹ àáró tí kò san án, n kò lè fún un lọ́mọ. Kàbà yìí ni mo ń gbé, ọmọ mi. Wọn yóò máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà oko."

Gbémiga tún na ọwọ́ méjèèjì síta, kẹrosíìnì ń kán lára ọ̀kan. "Bàbá, ọwọ́ yìí..."

Ọmọ́ṣọlá ló dá a lẹ́nu. Ó ti lọ sẹ́yìn ilé, ó ti padà dé pẹ̀lú ọkọ́ kan.

"Èmi náà já nínú ẹ̀," ó ní. "Mo ní ilẹ̀ ẹ̀gúsí lọ́nà Ògìdì. Tèmi lẹ máa kọ́kọ́ ro, kí ẹ tó dé ti Bọ̀dá Adédùntán."

"Ṣọlá, ìwọ náà? Ìwọ tó o mọ iṣẹ́ tí ọwọ́ yìí ń ṣe?"

Ó súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo wà nítòsí wọn jù, etí mi sì dára.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Lọ́jọ́ tí mo sin ẹ̀gbọ́n mi lọ wọ ọkọ̀ òfurufú l'Ábùjá, òjò ti rọ̀, mo fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ibi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mọ́ọ̀pù nù. Ẹ ò bú mi. Ẹ ní kí n rọra, kí n má yọ̀ ṣubú, ẹ sì tún ibẹ̀ nù. Nígbà tẹ́ ẹ wá bá mi níbi ìkórè, tẹ́ ẹ ní ẹnjinníà ni yín, mo ti mọ̀ yín. Ẹni ọjọ́ yẹn ni mo gbà láti fẹ́. Ti ẹnjinníà kò kàn mí."

Àmì roboto náà dúró jẹ́ẹ́ lórí ètè Gbémiga. Ó na ọwọ́, ó gba ọkọ́, ó fi ọwọ́ kan sókè, ọwọ́ kan sísàlẹ̀, ó fẹsẹ̀ kan síwájú, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ̀, bí ẹni tó di igi mọ́ọ̀pù mú.

Bàbá Andrew gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó wò ó dáadáa.

"Ẹ wo bó ṣe dì í mú," ó ní. "Ọmọ yìí ti ń fi igi ṣiṣẹ́ tipẹ́."